Kí ikùn tó yọ ni oúnjẹ aboyún ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ

Ní ọjà Community One ní Tema, aboyún lè ra kenkey àti ẹja díndín, kó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta iyọ̀ oníhóró, kó sì tún ra ayilo, ìyẹn amọ̀ funfun tí ọ̀pọ̀ aboyún ní Ghana máa ń jẹ tí èébì bá ń gbé wọn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tó lè ran ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú ẹrù tó gbé lọ sílé. Ohun tó lè pa ọmọ náà lára sì lè wà níbẹ̀.

Ọdún méje tàbí mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde. Ọmọ kan wà tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí tíṣà bá ní kó kọ ìlà mẹ́wàá, ìlà méjì ni yóò kọ kó tó dìde. Gbogbo ìgbà ló ń sọ bírò nù, ó sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni, àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí àìrí ló ń dà á láàmú. Ẹgba ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Àwọn dókítà ní orúkọ fún un: ADHD, ìṣòro àìlè fọkàn sí nǹkan àti àìlè jókòó sójú kan. Nǹkan bíi ọmọ 5 nínú 100 ló ní in káàkiri àgbáyé.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa di ohun tí wọ́n á fi máa bú àwọn ìyá, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń fa ADHD. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọmọ ń jogún. Obìnrin lè jẹ gbogbo oúnjẹ tó dára kí ọmọ rẹ̀ sì ní in, òmíràn lè má rí ju gàrí lọ kí ọmọ tirẹ̀ má ní in. Ẹni tó bá na ìka sí ìyá kan pé òun ló ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó ti ṣi ìmọ̀ lò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ ohun tó jogún. Oúnjẹ ṣeé pààrọ̀, àkókò tí ènìyàn lọ rí nọ́ọ̀sì náà ṣeé pààrọ̀.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé èsì ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó lé ní 500,000 jáde. Nínú àwọn ọmọ tí dókítà ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn kò tó kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 30, 9.3 nínú 100 ló ní ADHD. Nínú ọmọ àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó, 7.1 nínú 100 ni. Ìyàtọ̀ náà lè dà bíi pé kò pọ̀. Àmọ́, ewu náà kò fara hàn bẹ́ẹ̀ lára ọmọ àwọn ìyá tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 30 ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tiwọn hàn. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dín kù ṣe pàtàkì.

Ìtàn iodine, èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀, jọ èyí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ inú kò tíì lè ṣe omi ara tó ń mú ọpọlọ dàgbà fúnra rẹ̀. Ti ìyá ló ń lò, ìyá kò sì lè ṣe é láìsí iodine. Ní Sicily, lórílẹ̀-èdè Italy, àwọn dókítà tọ àwọn ọmọ kan lẹ́yìn fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí èsì jáde ní 2004, 11 nínú ọmọ 16 láti àgbègbè tí iodine ti ṣọ̀wọ́n ló ní ADHD. Nínú ọmọ 11 láti àgbègbè tó ti tó, kò sí ẹyọ kan. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ní 2013, ìwádìí lórí ìyá tó lé ní 1,000 ní Britain fi hàn pé àwọn ọmọ tí iodine ìyá wọn kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún sábà máa ń rẹ̀yìn nínú ìdánwò òye lọ́mọ ọdún 8 àti nínú ìwé kíkà lọ́mọ ọdún 9.

Irú ìwádìí báyìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun kan pàtó ló fa òmíràn. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí.

Oyún tí wọ́n ń fi pamọ́

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn ní Ghana. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé oyún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kéde. Wọ́n ń bẹ̀rù ayé, wọ́n ń bẹ̀rù kí oyún má lọ bàjẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, wọ́n á dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Nígbà náà, ibi tí folic acid ti wúlò jù fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ìyẹn bí ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, ti kọjá lọ tipẹ́. Oṣù mẹ́ta tí ọmọ fi gbára lé ìyá rẹ̀ pátápátá náà ti lọ.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe òmùgọ̀, torí oyún máa ń bàjẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí aráyé mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí nọ́ọ̀sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe aráyé. Obìnrin lè pa ẹnu mọ́ ní àdúgbò, kó sì ti máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí aboyún ti rí òṣìṣẹ́ ìlera kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12, kó sì máa lo iron àti folic acid lójoojúmọ́. Ní Ghana, láti oṣù keje ọdún 2008, aboyún kì í san owó kó tó wọ ètò ìlera NHIS. Lára ohun tó kù ni owó ọkọ̀ àti owó ọjà tí obìnrin yóò pàdánù lọ́jọ́ tó bá lọ. Fún ìyá tó ń ta ẹja létí èbúté Tema, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọkọ tó bá fẹ́ ọmọ tó pé gbọ́dọ̀ ka owó náà mọ́ owó oúnjẹ.

Ohun tó wà lórí igbá

Tema kò ṣaláìní oúnjẹ tó dára. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Keta schoolboys, kontomire tí í ṣe ewé kókò, àti ẹ̀wà inú waakye kì í ṣe oúnjẹ olówó. Bí aboyún bá fi ọsàn lé e, tó sì yẹra fún tíì lẹ́yìn oúnjẹ, iron inú rẹ̀ á wọ ara dáadáa.

Ti iyọ̀ ló nira. Láti ọdún 1996 ni òfin Ghana ti ní kí iodine wà nínú iyọ̀ jíjẹ, síbẹ̀ iyọ̀ tí kò ní in ṣì ń dé ọjà. Kò sí obìnrin tó lè fi ojú rí iodine nínú iyọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìlú àti àjọ FDA tó ń mójútó oúnjẹ ni láti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ti ń kó o jáde àti níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Ní ti ayilo, àyẹ̀wò ti rí òjé nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Britain sì ti kìlọ̀ fún aboyún pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Òjé máa ń ba ìfọkànsí ọmọ jẹ́. Ara tí iron rẹ̀ kéré sì máa ń gba òjé sára ju bó ṣe yẹ lọ, ní ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́. Síbẹ̀, ìbínú kò ní tán an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí amọ̀ máa wu obìnrin jẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé aboyún ń jẹ ayilo, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó bá a wí.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ tó ti ní ADHD nílò tíṣà tó ní sùúrù, kò nílò ẹgba. Èyí tó wà nínú oyún nílò ìyá tó ti rí nọ́ọ̀sì kí aládùúgbò tó fura, ọkọ tó san owó ọkọ̀, àti iyọ̀ tó ní iodine lóòótọ́. Kò sí ẹni tí kì í gbàdúrà pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Àdúrà náà kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.