Ẹ Yé Da Ọ́ìlì Kọ̀ndẹ́mù Sí Gọ́tà Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹni tó bá bí nínú, kó bínú díẹ̀, àmọ́ kó kà á tán.

Ìsàlẹ̀ Òsì ni mò ń gbé, n'Íbàdàn. Èlùbọ́ ni èmi àti ìyàwó mi máa ń kó lọ sílé ìlọta kó tó dé Ọjà'ba. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a bá ọmọ iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ. Sípánà àti àkísà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé abọ́ kankan sábẹ́. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́ìlì dúdú bá ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, ó ti dé ìdí àpò èlùbọ́ ìyá kan tó wà níwájú wa. Ẹ̀yin náà mọ àpò, ó ń mu nǹkan bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ sáré dé, ó bu èyí tó ti dúdú kúrò, ó ní, "Mámà, ibi tó kàn náà nìyẹn, ìyókù ò ní nǹkan kan." Ìyá náà wo àpò, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó gbé e sórí, ó lọ. Kí ni kó ṣe? Owó rẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn. Ìdílé wo ló fi àmàlà rẹ̀ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dúró níbẹ̀, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ kí wọ́n tètè lọ tèmi. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ìyókù ọ́ìlì náà sí gọ́tà, iṣẹ́ ń lọ.

Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí di òní, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba: gbígbé ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ láti da ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, ìwà ọ̀lẹ ni. Ẹ má pè é ní ìwà tálákà, torí ohun tí a lè fi ṣe é mọ́ tónítóní kò wọ́n.

Pọ́ńpù kan wà tó ń fa ọ́ìlì láti òkè. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta spare parts, oil extractor ni kí ẹ béèrè. Agolo tó ní ìdérí ni, ó ní ọwọ́ fífà lórí àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó ti rọ́bà bọ ihò gééjì, ẹ ó fa ọwọ́ náà sókè sódò, yóò kó afẹ́fẹ́ inú agolo jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ò bá sí nínú agolo mọ́, afẹ́fẹ́ ìta á máa ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà wọlé. Bí ọmọ ṣe ń fi ọ̀pá rọ́bà fa sóbò nìyẹn. Kò sí idán níbẹ̀. Ọ́ìlì á ti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú agolo, ilẹ̀ ò ní rí i, ọwọ́ yín ò ní kàn án.

Ẹni tí owó pọ́ńpù bá wọ́n lójú ẹ̀, kó ra síríńjì ńlá, èyí tó ń gba 60 ml, kó wá ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ bàtà méjì rọ́bà epo ọ̀kadà tó wọ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Honda GX160 àti àwọn tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀, tó wà lára ọ̀pọ̀ pọ́ńpù omi oko àti ẹ̀rọ ìlọta, bíi 0.6 lítà ọ́ìlì ló ń gbà. Síríńjì 60 ml nígbà mẹ́wàá, ó ti tán. Ìgbà mẹ́wàá! Ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ máa fi rí àkísà tó máa fi nu ilẹ̀, ẹ ti fà á tán.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ tàn án fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ọ́ìlì tutù á ki, kò ní gba rọ́bà kọjá. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró díẹ̀ kó má baà jó yín lọ́wọ́. Ẹ nu ẹnu ihò kí iyanrìn má baà já wọlé, ẹ ti rọ́bà bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ máa fà. Ẹ wọn èyí tó jáde. Bó bá kéré jù sí ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, ẹ yí rọ́bà sí ibòmíràn kí ẹ tún fà. Lẹ́yìn náà kí ẹ da tuntun sí i, kí ẹ fi gééjì wò ó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má fi ẹnu fà á o! Mo mọ̀ wá, bí a ṣe ń fi ẹnu fa epo bẹntiróòlù nìyẹn. Ọ́ìlì tàbí epo tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè sọ ènìyàn dèrò ọsibítù.

Àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Inú epo ni ẹ ti ń po ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́ ọn, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó ń jiyàn lóhùn.

Wọ́n ní, "Nǹkan òyìnbó nìyẹn, bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa la ṣe ń ṣe é." Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ́ńjìnnì gan-an, bàbá wa ló rọ ọ́ ni? Ẹni tó gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òyìnbó, tó wá kọ rọ́bà tó ń tọ́jú ẹ, àwáwí ló ń wí. Ọ̀gá tó kọ́ yín pé kí ẹ gbé e dùbúlẹ̀, ṣé ó sọ fún yín pé bí ẹ bá gbé e síbi tí kò yẹ, ọ́ìlì á wọ fítà afẹ́fẹ́ àti kábúrétọ̀? Ẹ ó wá tàn án, èéfín funfun á bo gbogbo àdúgbò, ẹ ó ní ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ fún un ní ohun tí kò béèrè.

Wọ́n tún ní, "Pọ́ńpù kì í fà á tán." Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́. Díẹ̀ á kù nísàlẹ̀, ẹ̀tù irin tó ti rọ̀ sílẹ̀ sì lè má bá rọ́bà jáde. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí ẹ bá ti fi pọ́ńpù fà á, ẹ gbé abọ́ sábẹ́, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ kí ìdọ̀tí ibẹ̀ jáde. Àmọ́ ẹ wo ohun tí à ń ṣe báyìí. Ìwé Honda ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì GX160 tuntun lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ní gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Torí iṣẹ́ náà dọ̀tí, a máa ń sún un síwájú títí ọ́ìlì á fi ki bí ọ̀dà. Ọ́ìlì tí a fà lásìkò, tó ṣẹ́ díẹ̀ kù, sàn ju èyí tí a ò dà rárá lọ.

Wọ́n ní, "Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù wúlò. Ó ń lé ikán, ó ń lé ejò, ó ń wo kúrúnà ewúrẹ́." Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti kan àgbẹ̀. Ilẹ̀ tó bá mu ọ́ìlì, omi òjò ò ní wọ̀ ọ́ dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ ò ní dé gbòǹgbò. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ti ewúrẹ́ ńkọ́? Májèlé inú ọ́ìlì á gba awọ wọ ara rẹ̀, yóò sì tún máa fi ahọ́n lá a. Kúrúnà ní oògùn, ivermectin wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àwa ènìyàn náà, ọwọ́ tó ń wà nínú ọ́ìlì dúdú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kìlọ̀ èyí fún àwọn mẹkáníìkì tiwọn. Ṣé awọ tiwa ki ju tiwọn lọ ni?

Èyí tó kẹ́yìn ló burú jù: "Gọ́tà kúkú ni, òjò á gbé e lọ." Á gbé e lọ síbo? Gọ́tà Bẹẹrẹ, gọ́tà Màpó, gọ́tà Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sí èyí tó lọ sí ọ̀run. Odò Ògùnpa àti Kúdẹtì ni ọ̀pọ̀ omi ìgboro wa ń ṣàn sí, ibẹ̀ ló sì gbà lọ sódò Ọ̀nà. Ta ló wà létí odò nísàlẹ̀? Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, tí wọ́n ń fi omi odò bomi rin ín. Ẹ̀fọ́ yẹn náà ló ń padà gòkè wá sọ́jà wa. Ọ́ìlì tí a dà láàárọ̀, a lè fi owó ara wa rà á padà. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, sọ pé ọ́ìlì tí a dà nù nígbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ba gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan omi tó mọ́ jẹ́. Ẹ wá ka ilé ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ tó wà láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹ̀rúnkà. Kànga sì wà láàárín ilé wa.

Ọmọ Ìbàdàn ló yẹ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ odò kẹ́yìn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó kó ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́. Mi ò ní ọ́ìlì ló fà á o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí a bá jù sí gọ́tà, odò á dá a padà fún wa.

Kí wá la fẹ́ ṣe? Ẹ da ọ́ìlì tí ẹ fà sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ẹ kọ "kọ̀ndẹ́mù" sí i lára, kí ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, oúnjẹ àti iná. Ẹ má po omi tàbí epo bẹntiróòlù mọ́ ọn. Bó bá kún, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ń kó o jọ fún àwọn tó ń rà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin lẹ ní agbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ tó sọ àpò kalẹ̀ nílé ìlọta, ẹ wo ilẹ̀. Bó bá dúdú tó ń dán, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé èlùbọ́ yín, ẹ gbé ata yín, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí oníbàárà mẹ́ta bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá á ra pọ́ńpù kó tó di ọjọ́ kejì.

Èmi náà ti padà lọ síbẹ̀. Mo gbé síríńjì àti rọ́bà fún ọmọ iṣẹ́ yẹn, mo fi hàn án bí a ṣe ń lò ó. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo wá kọ́ òun níṣẹ́ òun. Mo ní rárá sà, èlùbọ́ mi ni mo wá ṣọ́.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì nílé. Iṣẹ́ á sanwó fún wa o.