Bí kólì bá sọnù láàárín Èkó àti Ìpinlẹ̀, ta ni yóò san án?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó ti ń ba àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ jù fún wa láti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjà tí a tà lórí fóònù ni, tí wọ́n ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ MoMo, tí a sì ti kó fún awakọ̀, àmọ́ tí kò dé.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù mi ò tíì dé o." "Àǹtí, mo ti fún dẹ́rẹ́bà láti ọjọ́ Jímọ̀, ẹ pè é." Wọ́n á pe dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà á ní òun ti fún ọmọkùnrin kan ní gáréèjì. Ọmọkùnrin wo? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ta ọjà á ti dínà mọ́ nọ́ńbà oníbàárà. Lọ́jọ́ kẹrin, àwòrán á ti jáde níbi gbogbo: "Ẹ ṣọ́ra fún olè yìí."

Ìdájọ́ tiwa nìyí, kí a tó ṣàlàyé rẹ̀: ẹni tó ta ọjà, tó sì fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò gbé e, òun ló ni àdánù títí ẹrù yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń tajà kò ní fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná.

Ẹ wo ọ̀nà tí ẹrù ń gbà. Ohun tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní wébíìlì, tí àwa níhìn-ín ń pè ní kólì, lè kúrò ní Èkó lọ́wọ́ awakọ̀ kan, kí ó gba Bàdágírì dé Sèmè. Níbẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á dé Àjàṣẹ́. Láti Àjàṣẹ́, takisí tó ń lọ sí Sakété àti Pobè á já a sílẹ̀ ní Ìpinlẹ̀. Bí oníbàárà bá wà ní ìlú Àjàwẹ̀rẹ̀ gan-an, tàbí ní Massè tàbí ní Oko-Akaré, ọlọ́kadà tí a ń pè ní sẹ́mì ló kù tí yóò gbé e wọ abúlé, nígbà òjò tí ẹrẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà pàápàá. Ọwọ́ mẹ́rin nìyẹn ó kéré tán. Bí ẹrù bá sọnù, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kejì ń gbà á lọ́wọ́ èkínní? Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ní tiwa, ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè pa ló jẹ́ kí àìkọsílẹ̀ yìí wọ̀ wá lẹ́wù. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè, ti Ìdírókò tó dojú kọ Igolo sì dúró di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní gbogbo àkókò yẹn, inú igbó ni ẹrù ń gbà, ẹni tó sì ń gba inú igbó kì í bèèrè ìwé. Ẹnubodè ti ṣí, ṣùgbọ́n a ò tíì padà sí ìwé.

Àwọn kan á sọ pé kí a gbé awakọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ó dára. Ilẹ̀ Benin wà nínú OHADA, àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹnu kò lórí òfin òwò kan náà, wọ́n sì ní òfin lórí gbígbé ẹrù lójú títì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2003. Òfin náà ní ẹni tó ń gba owó gbé ẹrù gbọ́dọ̀ san án bó bá sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti dùn wọ́n: ohun tí yóò san kò lè ju 5,000 séfà lọ lórí kílò kan. Ká ní fóònù tí ẹ fi ránṣẹ́ jẹ́ 60,000 séfà. Fóònù àti páálí rẹ̀ lè má ju ìdajì kílò lọ. 2,500 séfà nìyẹn! Owó yẹn ò tó owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ tí ẹ máa fi lọ sẹ́jọ́ ní Pobè.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú òfin yẹn kan náà, àmọ́ àwọn tó ń lò ó kò pọ̀. Bí ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ bá kọ iye tí ẹrù náà jẹ́ sínú ìwé tí awakọ̀ fi gbà á, iye tó kọ yẹn ni wọn yóò wò, kì í ṣe kílò. Bí awakọ̀ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ jí i, kò lè fi 5,000 yẹn bojú mọ́. Ẹ wá wò ó: ta ló wà lọ́dọ̀ awakọ̀ nígbà tí ẹrù ń wọ ọkọ̀? Oníbàárà tó wà ní Massè ni, àbí ẹni tó ta ọjà? Ẹni tó ta ọjà nìkan ló lè kọ iye, tó lè ya àwòrán ẹrù àti nọ́ńbà ọkọ̀, tó lè yan awakọ̀ mìíràn bí ojú èyí kò bá mọ́. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti dènà àdánù ló yẹ kó ru ú. Ìdí tí a fi sọ ohun tí a sọ nìyẹn.

Kí á má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò, òfin OHADA fúnra rẹ̀ kò sọ bí a ti sọ. Bí ọjà bá ní láti wọ ọkọ̀, ọrùn ẹni tó rà á ni ewu bọ́ sí láti ìgbà tó ti dé ọwọ́ awakọ̀ àkọ́kọ́, àfi bí àwọn méjèèjì bá ṣe àdéhùn mìíràn. Ẹni tó ń ra àpò gààrí ogún láti tún un tà mọ ohun tó ń ṣe, ó lè bá ẹni tó tà á fún un dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ra bàtà kan fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò. Fún irú rẹ̀, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà sọ ọ́ kedere: ewu wà lọ́rùn ẹni tó tà títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á, àyàfi bí ẹni tó rà á bá fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò gbé e. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ àǹfààní yìí lójoojúmọ́, wọ́n á sì délé wá máa sọ fún wa pé "mo ti fún dẹ́rẹ́bà."

Àyàfi yẹn ṣe pàtàkì fún wa. Bí oníbàárà bá sọ pé "ẹ fún àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Kútọnu," àbúrò rẹ̀ ni, ẹrù ti dé nìyẹn.

Ti àwọn oníbàárà tó ń purọ́ ńkọ́? Wọ́n wà, a ò ní sẹ́. Ẹnìkan á gba aṣọ, á rán an, á wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú, á sì tún máa bèèrè owó rẹ̀ padà. Fún àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí ẹni tó ta ọjà fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ sí oníbàárà nìkan, bóyá orúkọ igi, bóyá nọ́ńbà mẹ́rin. Kí ó san ìdajì owó awakọ̀, kí ó sì sọ fún un pé ìdajì tó kù yóò wọlé nígbà tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ padà. Oníbàárà kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà jáde àfi bó bá ti tú ẹrù wò lójú awakọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá padà dé, ẹrù ti dé, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn bàbá wa tó ń di àrokò rán ìránṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó gbé ẹrù kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹrù ń sọ.

Ní ti gbígbé àwòrán ènìyàn jáde pé olè ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́. Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó ta ọjà lè má jalè rárá, kó jẹ́ pé ọwọ́ kẹta ló gbé ẹrù. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé òfin Code du numérique tí Benin ṣe ní ọdún 2018 kò fi ojú rere wo fífi fóònù halẹ̀ mọ́ ènìyàn tàbí bà á lórúkọ jẹ́, Nàìjíríà náà sì ní tirẹ̀ láti ọdún 2015. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè 15,000 lè wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Alága gáréèjì tí ọkọ̀ ti gbéra ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, torí ó mọ ilé dẹ́rẹ́bà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà ọjà. Ní Abẹ́òkúta, ìjòyè Pàràkòyí wà fún ọ̀rọ̀ òwò kí kóòtù òyìnbó tó dé.

Ó ku ẹrù kan tí ìdájọ́ wa kò kàn. Àwọn kan níhìn-ín ń ra òkìríkà ní Missèbo ní Kútọnu, wọ́n ń tà á fún àwọn ará Nàìjíríà. Nàìjíríà ti fòfin de àkísà òyìnbó yìí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń wọlé. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbé e, kò sí alága gáréèjì tàbí adájọ́ tí ẹ máa fi ejò rẹ̀ sùn. Níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa bi yín: ṣé ẹ sọ fún oníbàárà kí ẹ tó gba owó rẹ̀ pé wọ́n lè gbé e? Bí ẹ kò bá sọ, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ pín àdánù náà sí méjì, kí ẹ sì má pariwo.