Odò Tí Akọ Ti Ń Dín Kù

Lóṣù tó kọjá, mo ń tún yàrá mi ṣe, mo wá rí oògùn kan tí ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ni mo dà á sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo fi omi ṣàn án lọ. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí o.

Ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń pè ní mussel. Ẹran rírọ̀ ni, ó wà láàárín ìkarahun méjì, ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé. Kì í lé oúnjẹ kiri. Ṣe ló ń fa omi wọlé, á sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, á jẹ ohun tó bá rí, á tu omi tó kù síta. Ohunkóhun tá a bá dà sódò, ara ẹ̀ ló máa gbà kọjá.

Inú omi yìí kan náà ló ti ń bímọ. Akọ á tú àtọ̀ sínú odò, abo á fà á wọlé kó lè bá ẹyin ẹ̀ pàdé. Nígbà tí ọmọ bá jáde, ó gbọ́dọ̀ rí ẹja dì mọ́ lára fúngbà díẹ̀ kó tó lè dàgbà.

Ní Kánádà, omi ìdọ̀tí ìlú máa ń ṣàn wọ odò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú ẹ̀. François Gagné àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ irú mussel kan, Elliptio complanata, wò ní òkè ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti ń wọ odò, wọ́n sì yẹ òmíì wò ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011, abo pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ dáadáa. Àwọn kẹ́míkà tó ń ṣe bíi estrogen ni wọ́n fura sí. Estrogen yìí ń bá ìtọ̀ wa jáde, ó sì wà nínú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí.

Ṣé ìyẹn lè pa ìran run? Láàárín 2001 sí 2003, Karen Kidd àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da estrogen inú oògùn sínú adágún kékeré kan ní Ontario. Nǹkan bíi nanogram 5 sí 6 péré ló wà nínú lítà omi kan. Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní fathead minnow fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé mussel ò lè tọ́ ọmọ láìsí ẹja.

Èrò tèmi rèé: a ti jẹ́ kí òkú ẹja nìkan máa sọ fún wa pé odò ti bà jẹ́. Omi lè mọ́ lójú, kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣì wà láàyè, kó jẹ́ pé ọmọ ni wọn ò rí bí mọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń yẹ omi wò máa yẹ ibi ìbímọ àwọn ẹ̀dá inú ẹ̀ wò pẹ̀lú.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn tó nílò o. Àmọ́ tí odò Kánádà bá rí báyìí lẹ́yìn ìtọ́jú, tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́, níbi tí omi ilé púpọ̀ ti ń gba gọ́tà lọ sódò láìsí ẹni tó tọ́jú ẹ̀?

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ apòògùn ni mo ń kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè gba oògùn tó ti kọjá ọjọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ ń da tiyín sí?