Ẹ Yẹ Ẹsẹ̀ Òsì Wò Kí Ẹ Tó Fi Àdí Ra Á

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílẹ̀ wa, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé ó ti tẹ oògùn. Àwọn ẹbí á gbé omi gbígbóná àti àdí wá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan, ríra yẹn lè já a gbà, kí ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá ọmọ lè tibẹ̀ kú.

Ẹsẹ̀ òsì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Oníṣègùn Rudolf Virchow ti kíyè sí i ní Jámánì ní 1851. Ní 1957, àwọn oníṣègùn May àti Thurner yẹ òkú 430 wò, wọ́n sì rí ìdí rẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ òsì padà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun ẹ̀yìn, bí taya mọ́tò ṣe ń tẹ rọ́bà omi. Nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún òkú náà ló ti ní àpá nínú iṣan ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e kiri láìsí ìyọnu kankan, kò sì yẹ ká dẹ́rù bà wọ́n. Oyún, iṣẹ́ abẹ àti ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ ló máa ń sọ ọ́ di wàhálà.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ilé ìwòsàn ṣe síkáànù Doppler, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn, fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì dé itan òsì, kí wọ́n wo inú ìbàdí pẹ̀lú, nítorí Doppler kì í sábà rí ibẹ̀ dáadáa. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló kàn. Àwọn kan yóò nílò stent, ìyẹn páìpù kékeré tí wọ́n ń fi sínú iṣan, láti la iṣan náà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹni tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú lè di ẹlẹ́sẹ̀ wúwo, kí awọ ojúgun rẹ̀ dúdú, kí egbò sì yọ níbẹ̀.

Ìtọ́jú yìí ń pẹ́, ó sì ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Warfarin, ọ̀kan nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò dí ọmú fífún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tútù lè dín agbára rẹ̀ kù. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá ọmọ pé kó má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láé. Kò rí bẹ́ẹ̀: kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kó sì sọ fún dókítà kó tó mu àgbo èyíkéyìí. Kó máa rìn, kó máa gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, kó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ bí wọ́n bá fún un, bí ooru tilẹ̀ mú.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí warfarin nílò lóòrèkóòrè ló ń tán owó lọ́wọ́ aláìsàn. Òfin 2022 ti sọ ìṣedúró ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí àwọn ìpínlẹ̀ wa jẹ́ kí ìṣedúró náà máa san owó àyẹ̀wò yìí, síkáànù àti ìbọ̀sẹ̀ náà.

Agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ yìí. Kí gbogbo wọn ní téèpù aránṣọ lọ́wọ́. Kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ orúnkún. Bí ọ̀kan bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ tóbi ju èkejì, kí wọ́n gbé ìyá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.