Gírámà Kì í Ṣe Ọgbọ́n

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ni ó gbà pé bí Gẹ̀ẹ́sì ẹni bá ti ta kókó tó ni ọgbọ́n ẹni ṣe jinlẹ̀ tó. Nítorí èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí láti inú ìwé atúmọ̀, bí ẹni ń pe ọfọ̀ tí kò mọ ewé rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni ‘equanimity’; yóò ní ‘composure’ ni. Ẹ bi í pé kí ni ‘composure’. Yóò tún padà sí ‘equanimity’. Kò mọ̀ pé ìfarabalẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ ni à ń wí.

Wọ́n ní Yorùbá ni kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ ni! Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà tayọ àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

N kò ní kí a má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ẹni tí ó jáde ní ìhòòhò, aṣọ àyálò ni yóò máa wọ̀ kiri.