Òpó Ilé Pé Ọgọ́rin: Ẹ Kú Oríire, Bàbá Larry Little

Ẹ gbé ìlù síta, ẹ jẹ́ kí gángan fọhùn! Larry Little, òpómúléró ikọ̀ Miami Dolphins láyé ọjọ́un, tó wá fi sáà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fáwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti pé ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Groveland, ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká kí i, ká tún un kí, torí irú iṣẹ́ tó yàn láàyò kì í jẹ́ kéèyàn rí ìkíni gbà bọ̀rọ̀. Àlejò tó bá wọlé a máa yin òrùlé, a máa yin ilẹ̀kùn. Mélòó nínú wọn ló ń dúró yin òpó?

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí táwa ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, àwọn ọkùnrin gìrìwò á sì dínà mọ́ ẹni tó gbé e. Gáàdì apá ọ̀tún ni Little. Gáàdì kì í gbé bọ́ọ̀lù. Kó lànà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀lù sọ̀kò sẹ́yìn báyìí, Little á fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á yí bìrí, á gba ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọjú síwájú. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù á máa tẹ̀ lé e bí ẹni tẹ̀ lé katakata wọgbó. Alátakò tó bá yọjú, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ọkùnrin tó tó 120 kílò ni mò ń wí, tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé!

Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1967, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá jókòó, wọ́n ṣa ọ̀dọ́ 445, orúkọ Little kò sí níbẹ̀. Àdúgbò Overtown ní Miami ló dàgbà sí. Bethune-Cookman, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adúláwọ̀ ní Daytona Beach, ló ti gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ti jẹ́ balógun ikọ̀. Ikọ̀ San Diego Chargers ló fi 750 dọ́là pè é pé kó máa bọ̀. Ní 1969, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí Miami. Ta ni wọ́n gbà dípò rẹ̀? Mack Lamb, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé girama! Orí ló mú un padà sílé.

Don Shula dé ní 1970 láti wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Miami, ó wo Little láti òkè délẹ̀, ó ní kó lọ fa kílò 129 wálẹ̀ sí 120. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tí wọ́n ti sọ ní Chicken Little nítorí adìẹ díndín. Ó gbọ́ràn, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ní sáà 1972, Dolphins gbá eré mẹ́tàdínlógún, wọ́n borí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, kò sì sí ikọ̀ mìíràn nínú NFL, líìgì àgbà wọn, tó tíì jẹ gbogbo eré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé Super Bowl tó jẹ́ eré àṣekágbá. Larry Csonka gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 1,117, Mercury Morris sá 1,000 gééré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni méjì nínú ikọ̀ kan máa wọ ẹgbẹ̀rún ní sáà kan. Àwọn ló sá a lóòótọ́. Ta ló lànà? Nígbà tí wọ́n na Minnesota ní 24 sí 7 nínú Super Bowl ti oṣù Kìíní 1974, ẹ̀ẹ̀meje péré ni Bob Griese, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Dolphins, jù ú. Kí ló tún fẹ́ máa jù, nígbà tí ọ̀nà là gbàràgada nílẹ̀?

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ ká jó sí gan-an ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn sáà 1980, Little fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti gba Super Bowl méjì lè jókòó sí Miami kó máa fi orúkọ jẹun. Ní 1983, ó padà sí Bethune-Cookman láti wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Ẹ ṣáà mọ irú ilé tí à ń wí: Mary McLeod Bethune ló dá a sílẹ̀ ní 1904, dọ́là kan ààbọ̀ ló ní lọ́wọ́, ọmọbìnrin márùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níwájú Little ní pápá yẹn mọ̀ pé àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù lè fo orúkọ tiwọn náà. Wọ́n wo akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n rí ẹni tí wọ́n fò. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó jùyẹn lọ tí wọ́n lè kọ sí pátákó. Ní 1984 wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ líìgì MEAC. Ní 1988 wọ́n tún gbà á, àwọn àtàwọn ẹlòmíì ló jọ pín ìyẹn. Ó wà níbẹ̀ títí di 1991.

Mi ò ní torí ayẹyẹ purọ́: kì í ṣe gbogbo sáà ló dùn. Ní 1992, ó lọ kọ́ ikọ̀ kan tó ń jẹ́ Ohio Glory. Nínú eré mẹ́wàá, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ. Ẹni tí kò mọ àdánù ní 1972 wá ń jẹ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Èmi ò tilẹ̀ ka ìyẹn sí ẹ̀gàn. Ẹni tí kò ṣubú rí, kí ló fẹ́ wí fọ́mọ ogún ọdún tó dojú bolẹ̀?

Ẹ wá wo 1993. Wọ́n gbé e wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Akọni Bọ́ọ̀lù ní Canton, òun àti Walter Payton, Dan Fouts, Chuck Noll pẹ̀lú Bill Walsh. Gáàdì láàárín àwọn tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ wọn! Lọ́dún yẹn kan náà ló tún gba iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì adúláwọ̀ mìíràn, North Carolina Central ní Durham, ó sì bá wọn ṣe é títí di 1998. Oyè lọ́wọ́ ọ̀tún, fèrè lọ́wọ́ òsì.

Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹ kú ewu ọdún, ẹ kú ọgọ́rin ọdún lókè eèpẹ̀. Àwọn tó gba ọ̀nà tí ẹ là kọjá ń kí yín, àwọn ọmọ Daytona Beach ń kí yín, tàwọn ti Durham. Ẹ ó ṣe púpọ̀ sí i láyé nínú ìlera. Ó sì ku ohun kan: Shula ò sí nítòsí lónìí láti gbé òṣùwọ̀n síwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sí adìẹ yẹn, ẹ mú itan méjèèjì.