Mdr, Lwkmd àti Ẹ̀rín Pa Mí: Ẹ̀rín Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Ní Lazaret, àdúgbò kan ní ìlú Niamey tí ó gba àwọn darandaran tí ọ̀dá lé kúrò nílé ní ọdún 1973 àti 1974, èdè púpọ̀ ni ó ń bára wọn gbé. Zarma àti Hausa ni a sábà máa ń gbọ́ lọ́jà, Faransé ni ti ilé-ìwé, èdè àwọn Tuareg àti ti àwọn Fúlàní sì wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá tí òwò gbé àwọn òbí rẹ̀ dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ́ Yorùbá nínú ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ni yóò fi dá a lóhùn: mdr. Ìkékúrú gbólóhùn Faransé ni, mort de rire, ẹni tí ẹ̀rín ti pa. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn kò ní kọ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, lwkmd ni irú rẹ̀ ń kọ. Lónìí, ó lè jẹ́ àwòrán agbárí òkú nìkan ni yóò fi ránṣẹ́.

Àwọn olùkọ́ èdè kan wà tí wọ́n gbà pé àrùn ni gbogbo èyí, àti pé gègé pupa ni oògùn rẹ̀. Kí a tó fa gègé pupa yọ, ó yẹ kí a tú lwkmd palẹ̀ wò. Ẹ̀ka-ẹ̀dà Píjìn Nàìjíríà ni: laugh wan kill me die. Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò rí i pé die tí ó gbẹ̀yìn kò wúlò fún Gẹ̀ẹ́sì rárá, nítorí pé ikú ti wà nínú kill tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa wí pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí kú, wan dúró gedegbe sí ipò fẹ́, kill àti die sì dúró sí ipò pa àti kú. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí olùkọ́ ń fi ẹfun kọ sójú pátákó ní kíláàsì àgbà gan-an nìyẹn, tí ó wọ ẹ̀wù àyálò. Ìhun yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọ̀pọ̀ èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Píjìn fi rí i gbà. Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí fúnra rẹ̀: nínú mdr, ènìyàn ni ó kú, nínú lwkmd, ẹ̀rín ni olùwà, òun ni ó ń ṣe ìpànìyàn. Bí Yorùbá ti ń wo ọ̀ràn náà nìyẹn. Àní ọ̀rọ̀ tí a ní fún ẹni tí ń dá wa lára yá, apanilẹ́rìn-ín, pa wà nínú rẹ̀. (Bóyá pa ti ikú ni tàbí pa mìíràn tí ó jọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan pa ènìyàn lẹ́kún, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè fi ọjọ́ kan jiyàn lé e lórí.) Ní ti rotfl àwọn Òyìnbó, tí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín ń yí nílẹ̀, ẹ̀rín àríntàkìtì ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà.

Ìdí tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í fi í pẹ́ kí wọ́n tó yí padà kò ṣòroó rí. Lol ti wà nínú àkójọ ìkékúrú àwọn oníkọ̀ǹpútà ní ọdún 1989. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kò gbà á wọlé títí di oṣù kẹta ọdún 2011. Kí ó tó dé inú ìwé atúmọ̀ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ẹ̀rín mọ́. Ènìyàn ń kọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, láti fi rọ ọ̀rọ̀ tí ì bá le, tàbí láti fi hàn pé òun kò bínú. John McWhorter, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2013 pé ó ti di wúnrẹ̀n tí ń tọ́ka sí ìṣesí olùsọ̀rọ̀ sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kí ni iṣẹ́ o nínú “mo ti dé o”? Kí ni ná ń ṣe nínú “jókòó ná”? Wúnrẹ̀n tí kò ní ìtumọ̀ tí a lè fi ìka tọ́ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, àlejò ni nínú èdè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ti rọ̀ báyìí, ẹni tí ẹ̀rín ń pa ní tòótọ́ ní láti wá òmíràn tí ó le. A á kọ́kọ́ fà á gùn, lol a di looool; lẹ́yìn náà a á pa á tì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń bọ́, tí àwọn Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wí pé ti àwọn àgbàlagbà ni, wọ́n sì bọ́ sórí agbárí òkú àti ojú tí ń sunkún kíkan. Ohun tí òbí àti olùkọ́ bá ti mọ̀ ọ́n lò kì í dùn lẹ́nu ọmọ mọ́. Yorùbá mọ èyí náà: ẹnà tí àwọn ọmọdé ń pa láti fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún àgbà, bí àgbà bá ti gbọ́ ọ, wọn a yí i.

Ohun tí ó yẹ kí ó ká olùkọ́ lára wà níbòmíràn. Àwọn ará Thailand ń kọ 555 nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé hàá ni wọ́n ń pe márùn-ún. Àwọn ará Japan mú w láti inú warau, rẹ́rìn-ín. Wọ́n tò ó wwww, ó jọ koríko, wọ́n wá ń pe ẹ̀rín ní kusa, koríko. Àwọn ará Brazil ń kọ kkkk, àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń kọ jajaja. Inú èdè tiwọn ni oníkálukú ti bu tirẹ̀. Yorùbá tí ó ní ẹ̀rín kèékèé, ẹ̀rín músẹ́, ẹ̀rín ẹlẹ́yà, tí ó ní ọ̀rọ̀ aláfarawé-ìró tí ó lè kún ìwé, ó yẹ kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa bá sì gbìyànjú rẹ̀, ohun tí a ń rí ni erin pa mi. Erin! Ajànàkú ni ó pa á. Láìsí àmì ohùn àti ìdí ẹ, ẹ̀rín, erin àti ẹ̀rin kò yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn àkọtọ́ ọdún 1974 àti gbogbo làálàá tí a ṣe lórí rẹ̀, ibi tí a bá a dé nìyí. Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti ọmọ nìkan: ẹ́ tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀ kò ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode, àpapọ̀ ni a fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò sì tíì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Àkókò tí èyí bọ́ sí kò rọrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn aláṣẹ Nìjẹ̀r sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì dá Faransé padà sí ipò èdè iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ ti ń fi ìfẹ́ inú rẹ̀ kọ Yorùbá, láìsí ìdánwò, láìsí pàṣán, kò pọ̀ mọ́. Orí fóònù wà lára ìwọ̀nba tí ó kù, olùkọ́ tí ó bá sì fi gègé pupa lé e kúrò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbà á.

Èyí kò wí pé kí lwkmd wọ inú lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé ní láti pàdánù máàkì, kò sì sí àròyé nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ní kíláàsì àgbà tó láti mú lwkmd, mdr àti 555 sójú pátákó, kí akẹ́kọ̀ọ́ tú ìhun wọn, kí wọ́n bi àwọn òbí àgbà nílé pé irú ẹ̀rín mélòó ni ó wà àti orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, kí wọ́n sì fi àmì ohùn tẹ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sórí fóònù. Àwọn kan nínú wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí ara wọn kí wọ́n tó dé ilé. Bí wọn yóò bá ké e kúrú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ké e.